Wíwa Bitcoin nílé: ohun tó yẹ kéèyàn mọ̀ nípa ẹ̀rọ, iná àti ooru kó tó náwó

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn ọ̀dọ́ báyìí, pé èèyàn lè ra ẹ̀rọ kan, kó gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá, kí ẹ̀rọ náà sì máa pa Bitcoin fún un tọ̀sán tòru. Irọ́ kọ́ ni o, ẹ̀rọ náà wà lóòótọ́. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń mú Bitcoin wá. Àmọ́ ẹyọ kan ṣoṣo lára rẹ̀ lè jẹ iná ju éésì méjì lọ, ariwo rẹ̀ sún mọ́ ti jẹnẹrétọ̀ kékeré, kì í sì í sinmi. Ẹni tó bá ti owó àjọ, owó kóópù tàbí owó ilé ìwé ọmọ bọ̀ ọ́ láìṣírò, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé owó iná lòun á máa san fún ẹ̀rọ tí kò lè bọ́ ara rẹ̀.

Àlàyé nípa bí wọ́n ṣe ń yan ẹ̀rọ, bí wọ́n ṣe ń fún un níná àti bí wọ́n ṣe ń mú kó tutù rèé, pẹ̀lú ìṣirò tí ẹnikẹ́ni lè fi ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù ṣe.

Kí ló ń jẹ́ wíwa Bitcoin?

Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto, tí aráyé ò tíì mọ̀ títí dòní, ló gbé ètò Bitcoin jáde nínú ìwé kan lóṣù Kẹwàá 2008. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 3 oṣù Kìíní 2009. Kò sí báńkì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀, àwọn kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ló ń ṣe é. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ojú ewé tuntun kan máa ń wọ inú àkọsílẹ̀ náà. Ojú ewé yìí ni wọ́n ń pè ní búlọ́ọ̀kù.

Kí ẹ̀rọ kan tó lè fi búlọ́ọ̀kù kún un, ó gbọ́dọ̀ rí nọ́ńbà kan tó bá òfin ètò náà mu. Kò sí ọgbọ́n míì tí wọ́n lè dá sí i ju kí ẹ̀rọ máa gbìyànjú lọ, bí ìgbà téèyàn ń dán ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ́kọ́rọ́ wò lára àgádágodo kan. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ bá kọ́kọ́ ṣí i ló gba owó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní wíwa, bí ẹni ń wa góòlù nínú ilẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń pè é ní máínì.

Ohun méjì ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ wọ inú iṣẹ́ náà mọ̀. Àkọ́kọ́, owó tó wà lórí búlọ́ọ̀kù kan ń dín kù. Bitcoin 50 ni níbẹ̀rẹ̀. Ó di 25 lọ́dún 2012, ó di 12.5 lọ́dún 2016, ó di 6.25 lọ́dún 2020, láti oṣù Kẹrin 2024 ló sì ti di 3.125. Nǹkan bí ọdún mẹ́rin mẹ́rin ló ń gé sí méjì.

Èkejì, lẹ́yìn gbogbo búlọ́ọ̀kù 2,016, ìyẹn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ètò náà máa ń wo bí iṣẹ́ ṣe yá sí. Bí ẹ̀rọ bá ti pọ̀ sí i, yóò mú kí nọ́ńbà náà ṣòroó rí sí i. Nítorí náà, bí gbogbo ayé bá ra ẹ̀rọ tuntun lónìí, Bitcoin tó ń jáde lóòjọ́ ò ní pọ̀ sí i. Ìgbà ẹ̀bà kan náà ni wọ́n jọ ń bù, ọwọ́ tó ń wọ inú rẹ̀ ló ń pọ̀.

Irú ẹ̀rọ wo ló ń ṣe é?

Níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kọ̀ǹpútà lásán tó wà nílé tó o ṣe. Láti nǹkan bí ọdún 2010, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lo káàdì GPU, ìyẹn káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù jáde. Nígbà tó di 2013, ẹ̀rọ ASIC dé. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe ASIC fún: kò lè ṣí fídíò, kò lè tẹ lẹ́tà, nọ́ńbà Bitcoin nìkan ló mọ̀ ọ́n wá. Látìgbà náà, kọ̀ǹpútà àti GPU ò lè bá a dù ú mọ́.

Àwọn tó ní GPU kó lọ sídìí Ethereum fún ọdún bíi mélòó kan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án 2022, Ethereum pa ọ̀nà yẹn tì pátápátá, ó sì gba ọ̀nà míì tí kò nílò wíwa rárá. Ẹni tó bá ń ta káàdì GPU lónìí pé kí ẹ wá fi wa Bitcoin tàbí Ethereum, ọjà àná ló ń tà. Fóònù ńkọ́? Fóònù ò lè wa Bitcoin tó lérè. Áàpù tó ní kéèyàn máa tẹ bọ́tìnnì kan lójoojúmọ́ kì í ṣe wíwa Bitcoin.

Ohun tó yẹ kéèyàn wò lára ASIC ju iye tí ẹ̀rọ náà ń wá lọ. Ohun tó ṣe kókó ni iye iná tó ń jẹ lórí iṣẹ́ kan. TH/s ni wọ́n fi ń wọn ìyára rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí ìgbìyànjú tírílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wáàtì la fi ń wọn iná. Bí a bá fi TH/s pín wáàtì, iye tó bá jáde ló ń sọ bóyá ẹ̀rọ náà ya àjẹkì tàbí kò yà á. Bó bá ṣe kéré sí ló dára sí.

Ẹ wo mẹ́ta lára èyí tí ilé iṣẹ́ Bitmain ní Ṣáínà ṣe:

• Antminer S9, tó jáde lọ́dún 2016: 13.5 TH/s, nǹkan bíi 1,320 wáàtì. Ìyẹn wáàtì 98 lórí TH/s kan.
• Antminer S19 Pro, tó jáde lọ́dún 2020: 110 TH/s, 3,250 wáàtì. Ìyẹn wáàtì 29.5.
• Antminer S21: 200 TH/s, 3,500 wáàtì. Ìyẹn wáàtì 17.5.

S9 ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú, torí pé àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti jù ú sílẹ̀. Wọn ò jù ú sílẹ̀ lásán. Iná tó ń jẹ fún iṣẹ́ kan ju ìlọ́po márùn-ún ti S21 lọ.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ má ṣe sanwó láì rí i kó ṣiṣẹ́. Pátákó mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú Antminer, tí àwọn ṣíìpù tò sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà fún wákàtí kan ó kéré tán, kí ẹ sì wò ó lórí kọ̀ǹpútà bóyá pátákó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń dáhùn, bóyá ìyára rẹ̀ tó èyí tí wọ́n kọ sí i lára, àti bóyá àwọn fáànù rẹ̀ ń yí dáadáa. Ẹ wò ó bóyá ìpẹtà wà lára rẹ̀, tàbí bóyá wọ́n ti jó o rí. Kí ẹ sì bèèrè páwà rẹ̀, nítorí àwọn kan máa ń ta ẹ̀rọ lọ́tọ̀, wọ́n á tún ta páwà lọ́tọ̀.

Ìṣirò iná: ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyí

Ẹni tó ń lo mítà onísísan-ṣáájú mọ ohun tó ń jẹ́ yúníìtì. Yúníìtì kan ni iná tí ohun tó ń jẹ 1,000 wáàtì máa lò fún wákàtí kan. S19 Pro ń jẹ 3,250 wáàtì, nítorí náà ó ń jẹ yúníìtì 3.25 ní wákàtí kan, yúníìtì 78 lójúmọ́, yúníìtì 2,340 láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ni yúníìtì 78 máa gbé dé ọ̀sẹ̀ méjì.

Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹrin 2024, àjọ NERC tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná gbé owó yúníìtì àwọn oníbàárà Band A kúrò ní ₦68 lọ sí ₦225. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí ₦206.80 lóṣù Karùn-ún ọdún náà, ó sì di ₦209.50 lóṣù Keje. Band A yìí ni wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, òun nìkan ló sì sún mọ́ ohun tí ẹ̀rọ yìí ń fẹ́.

Bí a bá lo ₦209.50, iná S19 Pro fún ọjọ́ kan jẹ́ ₦16,341. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ó di ₦490,230.

Kí ló máa mú wálé? Búlọ́ọ̀kù 144 ló ń jáde lójúmọ́, 3.125 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn Bitcoin 450 fún gbogbo ayé. Lọ́dún 2024, agbára gbogbo ẹ̀rọ tó ń wa Bitcoin láyé ti kọjá TH/s mílíọ̀nù 600. Ẹni tó ní 110 nínú mílíọ̀nù 600 máa gba nǹkan bíi Bitcoin 0.0000825 lójúmọ́. Ká sọ pé Bitcoin kan jẹ́ $65,000, tí dọ́là kan sì jẹ́ ₦1,500, iye tó máa wọlé jẹ́ nǹkan bíi ₦8,000. Iná ₦16,341, owó ₦8,000. Gbèsè ni, ká má tíì mẹ́nu ba owó tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ.

S21 ńkọ́? Yóò jẹ yúníìtì 84, ìyẹn ₦17,598, yóò sì mú nǹkan bíi ₦14,600 wá. Ó sàn jù, síbẹ̀ kò pa owó iná. S9 ló burú jù: iná ₦6,600 ó lé, owó tó ń wọlé ò pé ₦1,000.

Àwọn iye wọ̀nyí ń yí padà. Owó Bitcoin ń lọ sókè sódò, dọ́là náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, agbára ẹ̀rọ láyé sì ń pọ̀ sí i ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀nà ìṣirò yẹn ló yẹ kéèyàn dì mú, kó wá fi iye tó wà lọ́jà lọ́jọ́ tó fẹ́ rà á sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń ta ẹ̀rọ tó sì ń sọ iye tó máa wọlé láì sọ iye tí iná máa jẹ, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ.

Jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà ńkọ́?

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I-better-pass-my-neighbour ò lè gbé e rárá, torí agbára rẹ̀ ò tó 1,000 wáàtì. Jẹnẹrétọ̀ 5 kVA lè gbé e. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ oníbẹntiróòlù máa ń mu nǹkan bí ìdajì lítà lórí yúníìtì kan, nítorí náà yúníìtì 78 máa mu nǹkan bíi lítà 39 lójúmọ́. Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n ń ta bẹntiróòlù látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ lóṣù Karùn-ún 2023 ò nílò àlàyé síwájú sí i. Èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ mọ́jú nítòsí fèrèsé náà sì ń pààyàn.

Ti sólà yàtọ̀ díẹ̀, torí oòrùn kì í gbowó. Páńẹ́lì 550 wáàtì kan lápá Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù lè mú nǹkan bíi yúníìtì 1.8 wá lójúmọ́, bí a bá yọ èyí tó ń ṣòfò. Kí wọ́n tó rí yúníìtì 78, wọ́n máa nílò páńẹ́lì tó ju ogójì lọ. Fún òru, bátìrì líthíọ́ọ̀mù tó ń gba yúníìtì 5 máa tó mẹ́wàá kó tó gbé e mọ́jú. Owó yẹn á ra ilẹ̀ níbòmíì. Ẹni tó bá ti ní sólà ńlá fún iṣẹ́ míì, tí iná rẹ̀ sì ń ṣòfò lọ́sàn-án, lè tan ẹ̀rọ ní wákàtí díẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ó máa pẹ́ gan-an kí owó ẹ̀rọ tó padà.

Wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì: ibi tí ilé ti ń jó

Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wà nílé wa ní fíúsì 13A nínú. Lórí iná 230 fóòtì, 2,990 wáàtì ló lè gbà. S19 Pro ń fa 14A, S21 ń fa ju 15A lọ. Ojú iná méjì ló wà lára páwà S19 Pro kí ẹrù náà lè pín sí méjì. Bí ẹnì kan bá wá ti okùn méjèèjì bọ ẹkitéṣọ̀n kan ṣoṣo, gbogbo 14A náà ló padà gba ojú kan. Ẹkitéṣọ̀n náà á gbóná, á rọ̀, á sì gbiná. Áyọ́ọ̀nù ń jẹ iná tó pọ̀, àmọ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹ̀rọ yìí ò ní sinmi fún odidi oṣù.

Ohun tó yẹ ni pé kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ fa wáyà tiẹ̀ lọ́tọ̀ láti ibi bírékà, wáyà 4mm irú èyí tí wọ́n ń lò fún éésì àti wátà hítà, kí ó sì ní bírékà 20A tiẹ̀. Ohun tó bá máa ṣiṣẹ́ láìdáwọ́ dúró kò yẹ kó fa ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbára bírékà rẹ̀. Wáyà ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní earth náà ò ṣeé yọ sílẹ̀.

Fóòtì náà tún ní wàhálà tiẹ̀. Páwà S19 Pro ń fẹ́ 200 sí 240 fóòtì. Ládùúgbò tí iná ti ń wálẹ̀ sí 160 lálẹ́, ẹ̀rọ á kàn máa kú, á máa tan. Sitabiláísà tó máa gbé e gbọ́dọ̀ tó 5 kVA. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ tí wọ́n dá a padà, ẹ jẹ́ kó fìdí múlẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún kí ẹ tó tan ẹ̀rọ.

Nílé onípupọ̀ yàrá táwọn ayálégbé ti ń pín mítà kan lò, ọ̀rọ̀ yìí máa ń di ìjà. Yúníìtì 78 lójúmọ́ ò ṣeé fi pa mọ́ fún aládùúgbò. Jíjí iná, ìyẹn fífa wáyà gba ẹ̀gbẹ́ mítà, jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin iná mànàmáná ti ọdún 2023.

Ooru: gbogbo iná tó wọlé ló ń di ooru

Kò sí iná tó wọnú ẹ̀rọ yìí tí kò ní jáde bí ooru. Wáàtì 3,250 jẹ́ ooru tó tó BTU 11,000 ní wákàtí kan. Éésì 1 HP tí wọ́n ń tà lọ́jà sábà máa ń lé BTU 9,000 jáde, èyí tó jẹ́ 1.5 HP ń lé nǹkan bíi 12,000. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ń fẹ́ odidi éésì 1.5 HP, éésì náà á sì jẹ iná tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ní Kánádà, àwọn kan ń fi ooru ẹ̀rọ yìí mú ilé móoru nígbà òtútù. Níbí, ooru náà ò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, afẹ́fẹ́ ló yẹ kí wọ́n fi tutù ú, kì í ṣe éésì. Iwájú ẹ̀rọ ló ń fa afẹ́fẹ́ tútù, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń tu èyí tó gbóná. Kí wọ́n kọjú iwájú rẹ̀ sí fèrèsé kan, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì gba fèrèsé òdìkejì jáde, pẹ̀lú páìpù gbòòrò tó máa kó ooru náà síta pátápátá. Bí ooru tó jáde bá tún yí padà wọ iwájú, ẹ̀rọ náà ń mí èémí ara rẹ̀ nìyẹn. S19 Pro ò fẹ́ afẹ́fẹ́ tó ju 40°C lọ. Lóṣù Kejì àti Ìkẹta, nígbà tí ìta fúnra rẹ̀ ti ń lọ sí 35°C, yàrá tó sé máa kọjá iye yẹn kíákíá.

Eruku ọyẹ́ náà ń di ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì tín-ín-rín níwájú fèrèsé dára, kí wọ́n sì máa pa á kí wọ́n fi bíláwà fẹ́ ẹ mọ́ lóṣooṣù. Aáyán àti ọmọńlé fẹ́ràn ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí wọ́n bá wọnú rẹ̀, wọ́n lè fa ṣọ́ọ̀tì. Kí omi òjò má lè fẹ́ bá a. Kí ohun èlò ìpaná tó jẹ́ oníyẹ̀fun tàbí ti CO2 wà nítòsí. Omi kọ́ ni wọ́n ń dà sí iná tó bẹ́ lára ohun tó ń lo mànàmáná.

Ariwo rẹ̀ tó nǹkan bíi 75 dB. Kò sẹ́ni tó lè sùn nínú yàrá kan náà, aládùúgbò tó wà lẹ́yìn ògiri náà á gbọ́ ọ. Àwọn kan ń dín ìyára ẹ̀rọ kù látinú ètò rẹ̀ kí iná, ooru àti ariwo lè dín kù pọ̀. Owó tó ń wọlé náà á dín kù.

Ta ló wá ń jèrè?

Ṣáínà ló ní apá tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, kó tó fòfin dè é lọ́dún 2021. Látìgbà náà, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti kó lọ síbi tí iná ti pọ̀ tó sì rọjú: Texas ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Ethiópíà tó ń rí iná látinú omi. Ní Kẹ́ńyà, ilé iṣẹ́ Gridless ń lo iná tó ṣẹ́ kù lára àwọn ẹ̀rọ omi kéékèèké abúlé. Àwọn wọ̀nyí lẹni tó gbé ẹ̀rọ sí yàrá ń bá du ìgbà ẹ̀bà kan náà.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń dá wá a ò fi pọ̀ mọ́. Wọ́n ń wọnú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní pool, irú bíi Foundry USA, AntPool tàbí F2Pool, kí wọ́n lè máa pín èyí tó bá wọlé gẹ́gẹ́ bí agbára kálukú. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń jẹ́ Bitaxe, tó ń ṣe nǹkan bíi 1.2 TH/s, tí kò sì jẹ tó 20 wáàtì. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ kọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Bó bá jẹ́ pé òun nìkan ló fẹ́ fi rí búlọ́ọ̀kù, nínú mílíọ̀nù 600 yẹn, ìṣirò fi hàn pé yóò gba ju ọdún 9,000 lọ kó tó kàn án lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́tẹ́ ni, kì í ṣe òwò.

Òfin àti àwọn gbájúẹ̀

Báńkì àpapọ̀ CBN ní kí àwọn báńkì jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ owó kírípítò lóṣù Kejì 2021, ó sì dẹ òfin náà lóṣù Kejìlá 2023. Lóṣù Kẹta 2025, òfin ìdókòwò tuntun fún àjọ SEC láṣẹ lórí dúkìá orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àwọn tó léwu jù ni àwọn tó ń sọ pé kéèyàn má ra ẹ̀rọ, kó kàn fowó sílẹ̀, pé àwọn á bá a wa Bitcoin níbì kan, èrè á sì máa wọlé lójoojúmọ́. Èrè tí iye rẹ̀ kì í yí padà ò sí nínú iṣẹ́ yìí, ìṣirò tó wà lókè fi hàn bẹ́ẹ̀. Ìlú ò tíì gbàgbé MMM ti 2016, bẹ́ẹ̀ ni ẹkún CBEX ti oṣù Kẹrin 2025 ò tíì gbẹ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ìbéèrè méje kéèyàn tó sanwó

1. Yúníìtì mélòó ni ẹ̀rọ náà máa jẹ lójúmọ́, èló sì ni yúníìtì kan ládùúgbò náà?
2. Wákàtí mélòó ni iná ń wà lóòótọ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣèlérí?
3. Bitcoin mélòó ló máa mú wá lójúmọ́ pẹ̀lú agbára ẹ̀rọ tó wà láyé lónìí?
4. Bí owó Bitcoin bá já wálẹ̀ sí ìdajì, ṣé owó iná á ṣì jáde?
5. Ta ló máa fa wáyà, ṣé ó sì ní bírékà tiẹ̀?
6. Níbo ni ooru máa gbà jáde?
7. Ṣé onílé àti aládùúgbò ti gbọ́ sí i?

Bí ìdáhùn sí ìkíní bá ju ìdáhùn sí ìkẹta lọ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ sí náírà, kò sídìí láti dáhùn márùn-ún tó kù. Ẹni tó bá nígbàgbọ́ nínú Bitcoin lè fi owó iná oṣù kan yẹn ra Bitcoin gan-an, kó sì fi yàrá rẹ̀ sùn.